Apá Gíbọ̀n àti Igbó Ṣáínà

Ẹni tó bá ka ewì àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà yóò kíyè sí i pé igbe gíbọ̀n, ìnàkí kékeré tí kò nírù, kò wọ́n nínú wọn. Li Bai, tó kú ní 762, fi í sínú ewì tó kọ nípa odò Yangtze. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, Yi Yuanji ayàwòrán wọ igbó lọ wò ó kó tó yà á. Lóde òní, Yunnan, Guangxi àti erékùṣù Hainan nìkan ló kù tí ó ń gbé ní gbogbo Ṣáínà. Èrò tèmi ni pé apá tó sọ ọ́ di ọ̀gá orí igi gan-an ló kó bá a.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka mẹ́rin rẹ̀ gùn, wọ́n tẹ̀ bí ìwọ̀. Àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀ nítòsí ọrùn ọwọ́, níbi tí kò ti ní dí i lọ́wọ́. Kì í di ẹ̀ka mú gírígírí. Á kàn fìka kọ́ ọ, ìwúwo ara rẹ̀ á fì í síwájú, ọrùn ọwọ́ á yí, ọwọ́ kejì á sì ti kọ́ ẹ̀ka tó kàn. Ó lè fò kọjá àlàfo mítà 10. Ṣùgbọ́n bó bá balẹ̀, ńṣe ló máa ń na apá méjèèjì sókè kó má baà ṣubú. Ìdí nìyí tí kì í fi í fẹ́ balẹ̀ rárá, tí oko kan láàárín igbó méjì fi lè ya ìdílé gíbọ̀n sọ́tọ̀.

Ní 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn rí agbárí gíbọ̀n kan nítòsí Xi'an ní Shaanxi, nínú ibojì tó ti lé ní 2,200 ọdún, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìyá àgbà Qin Shi Huang, olú ọba àkọ́kọ́ ní Ṣáínà. Ní 2018 ni wọ́n kéde pé irú tí kò sí láyé mọ́ ni. Ẹnìkan lè ní ẹran ọ̀sìn ààfin ni, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti mú un wá. Ó ṣeé ṣe; àmọ́ àkọsílẹ̀ fi hàn pé gíbọ̀n ṣì wà ní Shaanxi títí di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Àsìkò yẹn gan-an ni oko ń gun òkè. Àgbàdo àti ànàmọ́, tó ti Amẹ́ríkà wá, ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí ìrẹsì kò lè hù sí, èrò sì ń pọ̀ sí i lábẹ́ ìjọba Qing, títí wọ́n fi ju 400 mílíọ̀nù lọ ní 1850.

Ẹlòmíràn á ní ọdẹ ló pa wọ́n tán. Òótọ́ wà níbẹ̀: àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn àtimáa sin ọmọ gíbọ̀n, pípa ni wọ́n sì ń pa ìyá kí wọ́n tó rí ọmọ mú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọdẹ kò dá ọ̀bọ náà sí, síbẹ̀ àwọn ọ̀bọ Òkè Emei ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọ̀bọ fi ń rìn nílẹ̀. Bí igi bá tán, á la oko kọjá, á tún jẹ àgbàdo olóko lọ́nà.

Ní Hainan, nǹkan bí 2,000 gíbọ̀n ni wọ́n fojú bù ní àwọn ọdún 1950. Ní 2003, 13 péré ni wọ́n kà. Ìjì Rammasun ti 2014 mú kí ilẹ̀ ya ní Bawangling, ó sì fi àlàfo mítà 15 sílẹ̀ láàárín igi. Àwọn onímọ̀ so okùn méjì dábùú rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó tó bí oṣù mẹ́fà kí gíbọ̀n tó gbà á kọjá, ohun tí kámẹ́rà sì rí kò bá àlàyé mi mu tán: wọn kì í sábà fì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lórí okùn kan, tí wọ́n fọwọ́ di èkejì mú. A jẹ́ pé gíbọ̀n lè kọ́ ọgbọ́n tuntun. Síbẹ̀, òkè lókè náà ló ti kọ́ ọ, kì í ṣe nílẹ̀, àwọn onímọ̀ yẹn fúnra wọn sì ní kí igbó tó já náà tún so pọ̀ ló yẹ kó ṣáájú okùn.