Eérú, Sódà àti Àwọn Aláró Abẹ́òkúta

Inú ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá dùn lọ́jọ́ tí a bọ́ lọ́wọ́ kẹ́mísìrì ní girama. A rò pé ọ̀rọ̀ ásíìdì àti béèsì ti parí láyé wa. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àdìrẹ ni a tún bá a pàdé nínú ìkòkò aró.

Aró kì í yòrò nínú omi lásán. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ omi gba inú eérú kọjá, tí wọ́n sì ń rẹ ẹ̀lú gígún sínú omi eérú náà fún ọjọ́ mélòó kan. Béèsì ni omi eérú. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró.

Ní 1884 ni Svante Arrhenius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ohun tó ń yòrò nínú omi. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò kà á sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1903. Ní 1909, Sørensen gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀ ní Copenhagen. Omi gidi wà ní 7. Ásíìdì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, béèsì wà lókè. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Láàárín ìgbà yẹn, ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ti Jámánì gbé aró àtọwọ́dá jáde fún títà. Nígbà tó yá, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta. Sódà yá ju eérú lọ, àmọ́ ó lágbára: gíráàmù 4 péré nínú lítà omi kan ti gbé pH dé 13. Bí ó bá pọ̀ jù, a bó ọwọ́, a sì ba aṣọ jẹ́.

Àwọn kan ní sódà àti aró òyìnbó ló ń ba ọjà àdìrẹ jẹ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè é. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, nítorí oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló wà nídìí ìjà náà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àwọn tó ti fi ọwọ́ àti ojú mọ omi eérú tó ki yàtọ̀ sí èyí tó ṣàn kò ṣàìmọ̀ kẹ́mísìrì. Sódà ni wọn kò tíì bá pẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, bí olùkọ́ bá tún ní kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú omi, ẹ má wá a jìnnà. Kíki omi ni; ìyá aláró ti ń sọ ọ́ tipẹ́.