Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì tí Wọ́n Jẹ́ Onígbàgbọ́: Ìpìlẹ̀ àti Ìdánwò Rẹ̀

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bẹ́ẹ̀ ni ìka ọwọ́ kò sì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ó bá ìtàn American Scientific Affiliation mu, ẹgbẹ́ tí àwọn ẹnjinníà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi dá sílẹ̀ ní ìlú Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1941.

Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ tí ó wọ yunifásítì ni ọkàn wọn ń pín sí méjì. Ohun tí wọ́n gbọ́ nílé ìjọsìn nípa ìṣẹ̀dá ayé kò bá ohun tí olùkọ́ ń kọ́ wọn mu. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbèjà Bíbélì kò sì mọ sáyẹ́ǹsì dunjú. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ìgbàgbọ́ ni ó ń jẹ gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí Will Houghton, ọ̀gá àgbà Moody Bible Institute, fi ránṣẹ́ pe àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ènìyàn márùn-ún ni ó pàdé. F. Alton Everest, ẹnjinníà iná mànàmáná tí ó ń kọ́ni ní Oregon, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, kò sì tí ì pé ẹni ọdún 35. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi tukọ̀ ẹgbẹ́ náà.

Ẹgbẹ́ náà kò tètè gbèrú, nítorí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, wọ́n ṣe àpéjọ ńlá àkọ́kọ́ ní Wheaton College. Wọ́n tẹ ìwé kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1948, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà ti ẹgbẹ́ ní ọdún 1949. Ìgbàgbọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ sí kò gùn: Ọlọ́run ni ó ni Bíbélì, òun náà ni ó dá ayé, nítorí náà òtítọ́ Bíbélì àti òtítọ́ sáyẹ́ǹsì kò lè tako ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dà bí ẹni pé wọ́n takora ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìdánwò ti dé.

Àwọn onígbàgbọ́ kan ń kọ́ni pé ìkún omi ayé Nóà ni ó to ìpele àpáta lé ara wọn, àti pé ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀ péré ni ọjọ́ orí ayé. Ní ọdún 1950, J. Laurence Kulp, tí ó ń ṣe ìwádìí nípa àpáta ní Columbia University, kọ àròkọ sínú ìwé ẹgbẹ́ láti fi hàn pé ẹ̀rí inú ilẹ̀ kò gbe ẹ̀kọ́ yìí. Kì í ṣe aláìgbàgbọ́ ni ó sọ ọ́. Ọmọ ilé ni. Òdodo ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọmọ ilé a sì máa korò ju ti àlejò lọ.

Henry Morris, ẹnjinníà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìṣàn omi, wà nínú ẹgbẹ́ náà, kò sì gbà. Ní ọdún 1961, òun àti John Whitcomb kọ ìwé kan láti ti ẹ̀kọ́ ìkún omi lẹ́yìn. Ní ọdún 1963, òun àti àwọn mìíràn tí inú wọn kò dùn sí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ ń tọ̀ dá Creation Research Society sílẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí níbẹ̀, ìkún omi tí ó bo gbogbo ayé wà lákọsílẹ̀.

Ẹ̀sùn àwọn tí ó lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsán. Láti dáàbò bo ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni a ṣe dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lójú wọn, ó ti ń ya ògiri tí ó yẹ kí ó mọ. Ṣùgbọ́n bí Everest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti pa Kulp lẹ́nu mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ ìbá rí ẹ̀rí náà nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, ìbá sì béèrè ìdí tí àwọn ará rẹ̀ fi fi í pamọ́.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì wà títí di òní. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó ọ̀dọ́ jọ lórí ìgbàgbọ́ àti ìmọ̀ ní láti kọ́kọ́ yan èyí tí yóò ṣe: ìdáhùn ni ẹgbẹ́ náà yóò máa ṣọ́ ni, tàbí ìbéèrè ni yóò máa gbà láàyè? Èyíkéyìí tí ó bá yàn, yóò san owó rẹ̀.