Ta Ni Ó Ní Àṣẹ Láti Rán Ọmọ Ogun Wa Kọjá Ibodè?

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú ìgbà Bíbọ̀ Olúwa, èyí tí í ṣe ọjọ́ keje oṣù December ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun kan ní Kútọnu fi ara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ilẹ̀ Benin, wọ́n ní àwọn ti yọ Ààrẹ Patrice Talon, tí ó wà lórí oyè nígbà náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà ti kọjá ibodè, nítorí ìjọba Talon ti bẹ̀ wá fún ìrànlọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ìdìtẹ̀ náà wó lulẹ̀. Fún àwa tí ń gbé Àgbàdo, èyí kì í ṣe ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó bá jí kúrò níhìn-ín ní kùtùkùtù, tí ó gba Ọ̀tà àti Òwódé, yóò dé Ìdí-Ìrókò ní ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní ẹnu ibodè Benin.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá ya àwọn baba wa lẹ́nu púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù March 1851, àti lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù March 1864, ogun Dàhòmì ni ó dìde sí Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà lẹ́nu odi. Nísinsìnyí àwa ni a sáré lọ gba ìjọba tí ó wà lórí ilẹ̀ kan náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ akọni àwọn ọmọ ogun ni a fẹ́ sọ. Ohun tí a fẹ́ wádìí ni èyí: àṣẹ ta ni wọ́n fi lọ?

Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999 dáhùn ní apá karùn-ún. Ààrẹ ni olórí gbogbo ogun, ṣùgbọ́n kò lè kéde pé ogun wà láàárín àwa àti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun kankan lọ jà ní òde Nàìjíríà, láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òfin náà wá ṣí fèrèsé kan sílẹ̀. Bí ewu bá súnmọ́ ilẹ̀ wa tóbẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè àtidúró, Ààrẹ lè bá Ìgbìmọ̀ Ààbò Ilẹ̀ gbìmọ̀, kí ó sì rán ọmọ ogun lọ fún ìjà tí ó ní ààlà. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di dandan kí ó wá ìyọ̀ǹda Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà, kí àwọn náà sì fún un tàbí kí wọ́n kọ̀ láàárín ọjọ́ 14.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà òyìnbó nìkan ni èyí. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rántí Aláàfin Aólẹ̀. Ọba yìí ń wá ọ̀nà láti pa Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, run; ó sì rán ogun sí Ìwéré, ìlú tí ó ṣòro láti wọ̀, nítorí òfin oyè Kakaǹfò ni pé kí ó ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta tàbí kí ó kú. Ṣùgbọ́n Ìwéré ni ìlú ìyá Aláàfin Àjàgbó, àwọn ìjòyè sì kà á sí èèwọ̀ láti gbógun tì í. Wọ́n yí ojú ogun padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba. Ọba mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó mu májèlé. Ìdènà wà, nígbà náà, lórí agbára ọba láti rán ogun. Ṣùgbọ́n ikú ọba ni ọ̀nà tí àwọn ìjòyè rí láti sọ pé rárá, Ìjọba Ọ̀yọ́ kò sì bọ̀ sípò bí ti àtijọ́ mọ́. Àwa rò pé ẹni tí ó mọ ìtàn yìí yóò mọ iyì ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14.

Ìgbà kan sì wà tí a kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní August 1990, nígbà tí ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ ní Monrovia láti dá sí ìjà Liberia, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ni ó ń ṣe àkóso wa. Kò sí ilé aṣòfin tí yóò bi í léèrè. Ní 1998, lábẹ́ Ọ̀gágun Sani Abacha, ọmọ ogun wa dá Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah padà sórí oyè ní Sierra Leone: ẹni tí a kò dìbò yàn ni ó fi ogun dá ẹni tí a dìbò yàn padà! A kò sọ pé iṣẹ́ náà burú. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sí Liberia kò ní aṣojú kan tí yóò dìde ní gbangba láti bèèrè ọjọ́ tí àwọn ìyókù yóò padà wálé.

Ní January 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan wá ìyọ̀ǹda láti rán ọmọ ogun 1,200 lọ sí Mali, Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà sì fún un láìjanpata. Ibi tí òfin ti fi agbára rẹ̀ hàn ni ti Niger. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù July 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum dìde sí i. Ààrẹ Bola Tinubu ni alága àjọ ECOWAS nígbà náà; ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, àjọ yìí fún àwọn ológun ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dá Bazoum padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè di ogun. Gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé bí ogun bá dé, ọmọ Nàìjíríà ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù August a ka ìwé Ààrẹ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà. Ìpínlẹ̀ wa méje ni ó bá Niger pa ààlà, láti Kebbi àti Sokoto títí dé Borno. Haúsá ń bẹ níhìn-ín, Haúsá ń bẹ lọ́hùn-ún, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń ná ọjà kan náà. Àwọn aṣòfin láti òkè ọya kò fi èyí pa mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dá àwọn adìtẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn kò fún Ààrẹ ní ìyọ̀ǹda ogun; wọ́n ní kí a lo ọ̀nà ìjíròrò. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun wa kò lọ. Kì í ṣe Ilé Ìgbìmọ̀ nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn wúwo.

Ó yẹ kí a fi òtítọ́ kan kún un. Bazoum kò padà sórí oyè. Iná mànàmáná tí a gé fún Niger àti ibodè tí a tì kò béèrè ìyọ̀ǹda aṣòfin kankan, àwọn tálákà ní ìhà méjèèjì ni wọ́n sì jìyà rẹ̀ títí Ààrẹ fi pàṣẹ ní March 2024 pé kí a ṣí ibodè náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Kútọnu. Fèrèsé òfin ni Ààrẹ gbà níbẹ̀: ọkọ̀ òfuurufú lọ ní Ọjọ́ Ìsinmi, ìwé Ààrẹ sì dé Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà ní ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹsàn-án December, ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 7 kò pé. A kò bá Ààrẹ wí, nítorí bí ó bá dúró de ìjókòó Túsìdeè, bóyá Talon kì bá tí sí lórí oyè mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin tí a béèrè lọ́wọ́ wọn kí ogun tó lọ, bí ti Niger, ní òmìnira láti kọ̀. Àwọn tí a béèrè lọ́wọ́ wọn nígbà tí ọmọ ogun ti wà lójú ìjà kò ní i bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá sì kọ̀ ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, òfin tí Ilé Aṣòfin wọn ṣe ní ọjọ́ keje November 1973, lójú àtakò Ààrẹ Richard Nixon, sọ pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín wákàtí 48, àti pé bí wọn kò bá fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ 60, kí ó kó ọmọ ogun kúrò, ọgbọ̀n ọjọ́ sí i ni ó sì pọ̀ jù. Àwọn Ààrẹ wọn ń wá ọ̀nà yí i po. Ní 2011, nígbà tí wọ́n ń ju àdó sí Libya, ìjọba Barack Obama ní iṣẹ́ náà kò tó ohun tí òfin náà ń pè ní ìjà. Síbẹ̀, iye ọjọ́ ń bẹ nínú ìwé wọn. Nínú tiwa, a kọ ọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà lè kọ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú wọ̀nyí kọjá ibodè ní December 2025, kò sí ìlà kan ní apá karùn-ún tí ó sọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun gbọ́dọ̀ padà wálé bí wọ́n bá kọ̀.