Ààbò àti Ìnáwó fún Ìsinmi ní Etíkun Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tó gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, láti ẹnubodè Nàìjíríà ní Sẹ̀mẹ̀ títí dé ẹnubodè Tógò ní Hilla-Condji, ó sì wà lára àwọn ibi tó súnmọ́ ilẹ̀ Yorùbá jù lọ tí ọmọ Nàìjíríà lè lọ fún ìsinmi létí òkun lẹ́yìn odi. Àwọn ibi tí àlejò máa ń dé níbẹ̀ ni Fidjrossè ní Kútọnu, Ouidah níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí ní ìrántí àwọn tí a kó lẹ́rú gba ojú òkun lọ, àti Grand-Popo tó wà nítòsí ibi tí odò Mónò ti ń wọ òkun. Nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé láìgba òǹtẹ̀ ti di arúfin kó tó dé etí omi, bí wọ́n bá sì jà á lólè, kò ní lẹ́nu láti fẹjọ́ sun ọlọ́pàá.

Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. BCEAO, báǹkì àpapọ̀ tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dakar, ló ń tẹ̀ ẹ́ fún orílẹ̀-èdè 8 tí Tógò wà lára wọn, nítorí náà owó tó bá ṣẹ́ kù ní Grand-Popo ṣeé ná ní Lomé láìpààrọ̀ rẹ̀. Sẹ́fà mìíràn wà tí báǹkì BEAC ń tẹ̀, tí wọ́n ń ná ní Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, tí iye rẹ̀ kò yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí ọlọ́jà Kútọnu kò ní gbà. Fún ìdí èyí, ẹni tó ń pààrọ̀ owó ní láti wo ara bébà kọ̀ọ̀kan bóyá BCEAO ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí BEAC, kó tó kúrò níwájú ẹni tó kó o fún un. Láti ọdún 1999 ni 655.957 sẹ́fà ti jẹ́ yúrò 1 láìyẹ̀, náírà ló ń lọ sókè sódò: lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye tí báǹkì fi ń ta owó òkèèrè ju ìlọ́po méjì lọ kí ọdún tó yí po, èyí tó fi hàn pé iye tí ẹnì kan ná lọ́dún tó kọjá kò tó gbé ìṣirò lé.

Bébà 500 àti 1,000 ló wúlò jù létí omi, torí pé ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, àti ìyá tó ń din ẹja kì í sábà ní ṣéńjì 10,000. Ó dára kí àlejò dúnàádúrà kó tó gun ọ̀kadà, kó fi owó ọkọ̀ àbọ̀ pamọ́ sí ilé tó dé sí, kó má sì kó ju ohun tí yóò ná lóòjọ́ lọ sétí òkun, níbi tí kò ti yẹ kó tún pẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Síbẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a bẹ̀rù ju olè lọ. Ìjì líle tó ń jà ní ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní ọ̀nà jíjìn réré, ló ń rán ìgbì wá síbẹ̀, ìdí nìyí tí ojú ọjọ́ fi lè mọ́ kedere tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, síbẹ̀ tí ìgbì tó ga ju mítà 1 lọ yóò máa ya lu yanrìn. Omi tí ìgbì kó wá gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń kóra jọ gba ojú tóóró kan lọ sínú agbami gẹ́gẹ́ bí ìṣàn afàniságbami, tó lè yára ju ẹni tó mọ̀wẹ̀ jù lọ. Ní Grand-Popo, níbi tí àwọn onímọ̀ ti fi kámẹ́rà ṣọ́ òkun, wọ́n rí i pé irú ìṣàn yìí kì í ní ojúkò; ó máa ń yọ lójijì, a sì tún pòórá láìpẹ́, nítorí náà ibi tí ènìyàn wẹ̀ láàárọ̀ láìséwu kò ṣeé fọkàn tẹ̀ lọ́sàn-án. Ìṣàn náà kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀, ìta ló ń fà á lọ. Rírẹ̀ tó máa ń rẹ ẹni tó bá ń bá a jìjàkadì ló ń pànìyàn. Kí ẹni tó bá bọ́ sínú rẹ̀ dẹ ara sílẹ̀ kó lè léfòó, kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ní ìbú etíkun títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ wọ omi náà láìjẹ́ pé àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí òkun bá gbé ẹnì kan lọ, kí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ má ṣe bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu ni kí wọ́n jù sí i, kí wọ́n sì ké sí àwọn apẹja tó wà nítòsí, nítorí àwọn ló ní ọkọ̀ àti okùn.