Omi Mímu ní Karu

Karu jẹ́ ìlú àwọn Gbagyi ní ìhà ìlà-oòrùn Àbújá, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Keffi. Ó yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Karu ti ìpínlẹ̀ Násáráwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì fara kan ara wọn. Ilé iṣẹ́ omi wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí ìjọba tó dá Agbègbè Olú-Ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1976, odò, ìsun àti kànga ni wọ́n ń pọn. Èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi fi ń gbé omi. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé orí ní ọ̀wọ̀ ju ohun tí à ń di ẹrù lé lọ. Yorùbá náà ń bọ orí, síbẹ̀ ó ń fi òṣùká sí i, ó sì ń fi ru omi.

Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, omi kì í sì í dúró nínú rẹ̀ àfi níbi tó bá ti rọ̀ tàbí tó ti sán. Ìdí nìyí tí kànga tí ẹ̀rọ gbẹ́ fi lè yọ omi nínú ọgbà kan, kí ti ọgbà kejì gbẹ táútáú.

Omi ẹ̀rọ Àbújá ń wá láti ìsédò Lower Usuma nítòsí Ushafa, tí wọ́n parí ní ọdún 1984. Páìpù tó gùn tó kìlómítà 75 tún ń gbé omi odò Gurara wá kún un láti ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ṣùgbọ́n páìpù lè dé àdúgbò kí omi má dé.

Ìṣòro pé omi jìnnà sí ilé kì í ṣe tuntun. Ní Canterbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn odi ìlú ni ìsun tí àwọn mọ́ńkì ń lò wà. Lábẹ́ Wibert, olórí wọn tó kú ní ọdún 1167, wọ́n fi páìpù òjé mú omi náà gba inú àwọn àmù tí ẹrẹ̀ ti ń silẹ̀ kọjá, títí dé ibi ìfọwọ́, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀; omi ìdọ̀tí ló ń ṣan ilé ìyàgbẹ́. Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ló ń tì í. Ẹnikẹ́ni kò rù ú.

Ní Karu, mẹ́ruwà ló ń dí àlàfo yẹn. Láti inú èdè Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Yorùbá: “mai” ni oní, “ruwa” ni omi. Ó ń to kẹ́ẹ̀gì sórí ọmọlanke, ó ń tì í láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga bá fà, owó rẹ̀ a lé sí i, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ omi nílé a sì máa san ju ẹni tó ní in lọ lórí garawa kan náà.