Òrùlé Etí Òkun ní Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Àwọn àgbà tó sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Nítorí apá ìwọ̀-oòrùn Èkó yìí, Èkó Akéte, Àrómisá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ, ọ̀sà tó lọ sí Bàdágìrì ni ààlà rẹ̀ ní gúúsù, lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ yanrìn tóóró kan wà, lẹ́yìn yanrìn náà ni Olókun Sẹ̀níadé tẹ́ rẹrẹ. Ọ̀tá méjì ni òrùlé ní níbẹ̀, ọ̀nà wọn kò sì papọ̀. Ọ̀kan ni iyọ̀, tí atẹ́gùn òkun ń gbé wá láti gúúsù lójoojúmọ́ ayé láìpariwo. Èkejì ni ìjì, tí í ti ìlà-oòrùn rọ́ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, tí í sì tún padà nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ojú ọ̀run á ṣú dùdù, tí ẹ̀fúùfù Ọya, Ìyàńsàn-án, á ti ṣí ilé ẹlòmíràn kí ẹ̀kán òjò kìíní tó kán. Ìtàn bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń bo ilé wọn láti ayébáyé jẹ́ ìtàn bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá yìí jà, tí èkejì sì ń gba ẹ̀yìn wọlé.

Àwọn Àwórì ló kọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, àwọn tí ìtàn sọ pé àwo Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ló ṣáájú wọn lórí omi títí ó fi rì ní Ìṣẹ́rí, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ tàn ká etí ọ̀sà, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń dáko. Ohun tó bá wà ní àyíká ẹni ni a fi í bo ilé. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni, débi pé ọdún kan odidi wà tí àwọn ará ìlú fi ń ru bẹẹrẹ wá fún Aláàfin kí wọ́n lè tún òrùlé ààfin ṣe. Nínú igbó Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, ewé gbòdògì ni. Ṣùgbọ́n létí omi, níbi tí irà pọ̀ tí koríko gidi sì ṣọ̀wọ́n, ọ̀pẹ ògùrọ̀ ni ọ̀gá. Imọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ká, tí wọ́n ń gán pọ̀ ní ẹní-ẹní. Ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹkẹ́. Okùn ara rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń di gbogbo rẹ̀ mọ́ ara wọn, láti orí òpó dé ṣóńṣó òrùlé, láìsí ìṣó kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbi ìdì yìí, nítorí òun ni àwọn tó tẹ̀lé wọn gbàgbé. Òrùlé imọ̀ kì í ṣe ohun tó wúwo, bẹ́ẹ̀ ni kò sì le. Bí ìjì bá dé, díẹ̀ nínú atẹ́gùn náà á gba àárín ewé kọjá, èyí tó kù á sì mi òrùlé náà, á mì, á tún padà sí ipò rẹ̀, nítorí pé kò sí ìgbọ̀nwọ́ kan lára rẹ̀ tí okùn kò dé. Ó dà gẹ́rẹ́ gan-an pẹ̀lú, kí òjò má baà ráyè jókòó lé e lórí. Bí ọdún mélòó kan bá sì kọjá tí ewé bá jẹrà, a ó pe ọ̀wẹ̀, àwọn àna, àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò á péjọ, ilé á sì di tuntun kí oòrùn tó wọ̀. Èmi kò sọ èyí láti yin ayé àtijọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó bá ti sun abẹ́ imọ̀ ògbólógbòó lóru òjò rí, tí eku ń sáré lókè tí omi sì ń kán sí i létí, kò ní bá ẹnikẹ́ni kọrin ìyìn rẹ̀.

Iná ló sì lé imọ̀ jáde nílùú. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọba ní àwọn tí yóò ru bẹẹrẹ wá. Tálákà tí ilé rẹ̀ bá jó, ìdí ọ̀pẹ nìkan ni yóò padà sí. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dojú ìbọn kọ Èkó ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè, kì í ṣe ọta nìkan ló ba ìlú jẹ́: iná tó ran láti òrùlé kan sí òmíràn ló jó púpọ̀ nínú ohun tí ọta kò dé. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tó owó ní Èkó ń wá ohun tí iná kò lè jẹ fi bo ilé.

Ohun náà ti ń bọ̀ láti òkèèrè. Ní ọdún 1829, ọ̀gbẹ́ni Henry Robinson Palmer, tó jẹ́ ẹnjiníà ní èbúté London, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní ìgbì-ìgbì, kí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ lè gan. Ní 1837, Stanislas Sorel ti ilẹ̀ Faransé rí ọ̀nà láti ri irin bẹ́ẹ̀ sínú síńkì gbígbóná kí ó má baà tètè dógùn-ún. Ó fúyẹ́, ó ṣeé tò jọ nínú ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì sì lè gbé e gun òkè ilé. Àwọn míṣọ́nnárì, tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó lókìkí ní Bàdágìrì ní 1845, àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀, àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà lọ́wọ́, kọ́ wa láti kọ́ ilé tó ga tó sì lójú fèrèsé. Páànù sì dé láti dé irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin gbé e wọ òkè lọ, owó kòkó sì rà á, títí tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá kọ́lé onípáànù kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó bá kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Páànù kọjú sí iná, ó kọ ẹ̀yìn sí iyọ̀. Síńkì tó bo irin náà lára ni iyọ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tètè bẹ̀rẹ̀ láti ojú ihò ìṣó àti etí ibi tí wọ́n ti fi ṣíṣọ́ọ̀sì gé e, níbi tí irin ti wà ní ìhòòhò. Páànù tí Ìbàdàn yóò lò fún ogójì ọdún, ará etí òkun kò lè fi ìdajì rẹ̀ búra. Ó tún kọ ẹ̀yìn sí ìjì, èyí ni mo sì kà sí àdánù tó tóbi jù. Nítorí pé páànù gan fúnra rẹ̀, àwọn káfíńtà rí i pé àwọn lè dín ẹkẹ́ kù. Nítorí pé ìṣó yá ju okùn lọ, wọ́n fi ìṣó díẹ̀ rọ́pò ìdì tó gba gbogbo ara òrùlé. Báyìí ni a ṣe bọ́ lọ́wọ́ òrùlé tí a dì níbi gbogbo, tí a bọ́ sọ́wọ́ èyí tí a kàn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ńṣe ni ìjì ń ti òrùlé ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fífà ló ń fà á sókè. Bí atẹ́gùn bá sáré gba orí ilé kọjá, agbára rẹ̀ lókè á dín kù sí ti abẹ́, òrùlé á sì máa wá ọ̀nà àtigbéra. Bí fèrèsé kan bá wá ṣí, tàbí tí ilẹ̀kùn kan bá já, atẹ́gùn inú ilé á máa tì í láti ìsàlẹ̀ bí ti òde ti ń fà á. Etí àti igun òrùlé ni í kọ́kọ́ ṣí, nítorí ibẹ̀ ni fífà náà ti le jù. Ìdí nìyí tí òrùlé tó dà sí ọ̀nà mẹ́rin fi ń fara da ìjì ju èyí tó dà sí ọ̀nà méjì lọ, tí èyí tó ga díẹ̀ fi sàn ju èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, tí etí òrùlé tó yọ síta jù láti ṣíji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì fi lè di ohun tí ìjì yóò dì mú. Ó ṣe ni ní kàyéfì pé òkè ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá tó ń ba erékùṣù Caribbean jẹ́ ti ń ṣẹ̀, tí wọ́n á jáde sórí òkun ní ọmọ kékeré, tí wọ́n á sì di òmìrán kí wọ́n tó dé Cuba, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ṣì ti ń bọ Ọya títí dòní.

Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ gbàlejò àwọn adúláwọ̀ gbogbo àgbáyé fún àjọ̀dún àṣà tí wọ́n pè ní FESTAC, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n mú fún ibùdó wọn. Iṣẹ́ náà fi ìkánjú mú ìkánjú: ọdún 1973 ni wọ́n dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ sílẹ̀, ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà kọjá agbára èbúté, tí bí irinwó ọkọ̀ fi tò sójú omi Èkó tí wọn kò ráyè já ẹrù, wọ́n sì ń sún ọjọ́ àjọ̀dún síwájú títí ó fi wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àlejò tó lé ní 15,000 ló wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta. Lẹ́yìn tí ìlù dákẹ́, wọ́n fi ìbò pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú, ibùdó àlejò sì di Festac Town, pẹ̀lú àwọn òpópónà onínọ́ńbà rẹ̀ àti àwọn kúlọ́ọ̀sì tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì sọ lórúkọ.

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni ìgbà náà gbẹ́kẹ̀ lé. Láti 1959 ni ilé iṣẹ́ Nigerite ti wà ní Ìkẹjà tó ń ṣe páálí òrùlé láti inú sìmẹ́ńtì tí wọ́n pò mọ́ fọ́nrán asibẹ́sítọ́ọ̀sì, kò sì sí àní-àní pé ó bá etí òkun mu lójú ẹni tó ń wò ó nígbà náà: iyọ̀ kò lè jẹ ẹ́, iná kò lè jó o, ó tutù lọ́sàn-án, òjò kì í sì í pariwo lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi ní gbọ́ ohùn aya rẹ̀. Ó wúwo ju páànù lọ pẹ̀lú, nítorí náà ìjì kì í rí i gbé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dàgbà ló ń gan sí i, tí ó ń hu ewé tútù lórí, tí ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún láti tún nǹkan ṣe sì lè já a wọlé. Èyí tó burú jù sì ni pé fọ́nrán tó dè é pọ̀ yìí, bí ó bá fọ́ tí eruku rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè di jẹjẹrẹ tí kì í farahàn àfi lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bírítéénì fòfin dè é pátápátá ní 1999. Àwọn aṣe-páálí náà ti yí padà sí sìmẹ́ńtì tí kò ní in nínú, àmọ́ èyí tó ti wà lórí ilé kò yí padà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìbúgbàmù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó, nítòsí Festac, tó gba ẹ̀mí tó sì wó ilé, òrùlé ṣí, àjà já, páálí fọ́ ní àwọn ilé tó jìnnà sí ojúkò iná náà. Kì í ṣe ìjì, ṣùgbọ́n ó fi han gbogbo ojú ohun tó wà lábẹ́ òrùlé wa: pákó tẹ́ẹ́rẹ́, ìṣó díẹ̀, àti ògiri tí a kò fi ohunkóhun so mọ́ igi tó gbé lé e.

Lóde òní, alùmíníọ̀mù ni káfíńtà yóò kọ́kọ́ dárúkọ, àti irin tí wọ́n da wóró òkúta lé lórí, èyí tí àwọn ará New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní nǹkan bí ọdún 1957. Méjèèjì dára létí òkun bí ènìyàn bá mọ ohun tó ń rà. Alùmíníọ̀mù ń wọ ẹ̀wù ara rẹ̀, tí iyọ̀ kò fi lè tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìṣó irin lásán kàn án, ìṣó náà á mú kí alùmíníọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà níbi tí omi iyọ̀ bá ti pàdé wọn, òrùlé tí ó yẹ kó pẹ́ á sì lu ní ojú ìṣó gbogbo. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: èyí tó nípọn dé mìlímítà 0.55 ń náni ju ti 0.45 lọ, ọ̀pọ̀ ń mú èyí tó fẹ́lẹ́, wọ́n sì ń fi owó tó ṣẹ́kù ra àwọ̀ tó ń dán. Èmi ì bá ní kí wọ́n fi owó àwọ̀ ra ìdè irin tí yóò so ẹkẹ́ mọ́ ògiri, kí wọ́n fi ìṣó oníṣukúrúù àti rọ́bà rọ́pò ìṣó gbígbá, kí wọ́n sì kun igi dáadáa nítorí ikán. Aládùúgbò kò rí ìwọ̀nyí láti òde, nítorí náà ni a kì í fi náwó lé wọn.

Ọ̀ràn tó wà ní Festac gan-an sì tún le ju ti ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà jẹ́ fúlátì, ìdílé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà lábẹ́ òrùlé kan, ẹni tó ń gbé òkè nìkan ni omi sì ń kán sí lórí. Bó bá ké sí ti ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n dá owó, ti ìsàlẹ̀ á ní òun kò rí òjò. Nígbà tó bá sú u, á pe káfíńtà, á tú apá tirẹ̀, á fi páànù tuntun sí i, asibẹ́sítọ́ọ̀sì á sì kù sí apá kejì. Ibi tí àtijọ́ àti tuntun ti pàdé ni omi tún ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi òòlù fọ́ páálí àtijọ́ náà láìbo imú, láìda omi sí i kí eruku má baà fò, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ láti òkè, wọ́n sì ń kó èyí tó fọ́ lọ dí kòtò lójú títì, níbi tí ọkọ̀ á ti máa gùn ún, tí yóò sì di eruku nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.