Sáfà: Kọ̀ǹpútà Tó Ń Tọ́jú Dátà Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni òṣìṣẹ́ báńkì ti sọ fún rí pé sáfà kò ṣiṣẹ́, tí a sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kí ni sáfà yìí gan-an, ibo ló sì wà?

Kọ̀ǹpútà ni sáfà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí à ń gbé ka orí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa dá àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù mìíràn lóhùn tọ̀sán-tòru. Ó rí pẹlẹbẹ, ó sì gùn sẹ́yìn, kí wọ́n lè to púpọ̀ rẹ̀ léra wọn sínú ráàkì, ìyẹn férémù irin tó dúró bíi kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìwọ̀n ráàkì kì í sábà yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Fífẹ̀ rẹ̀ níwájú jẹ́ íǹṣì 19. U ni wọ́n fi ń ka gíga: 1U jẹ́ íǹṣì 1.75. Sáfà tó pẹlẹbẹ jù máa ń gba 1U. Èyí tó ní dísíkì púpọ̀ lè gba 2U tàbí 4U. Ráàkì tó wọ́pọ̀ ga tó 42U, èyí tó fi díẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 6.

Wọ́n ṣe sáfà lọ́nà tí kò fi ní dákẹ́ nítorí pé ẹ̀yà kan bàjẹ́. Ibi méjì ló sábà máa ń ti gba iná: bí ọ̀kan bá jóná, èkejì á gbé e. Wọ́n máa ń kọ dátà kan náà sórí dísíkì tó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì lè yọ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, láìpa ẹ̀rọ náà.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Fáànù inú rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé níwájú, ó sì ń tú èyí tó gbóná jáde lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń to ráàkì ní ojúkojú àti ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, kí afẹ́fẹ́ méjèèjì má baà dàpọ̀. Ilé dátà tí ráàkì pọ̀ sí máa ń ní ẹ̀rọ amúlétutù, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní Èkó, bíi Rack Centre ní Orégùn.

Síbẹ̀, ilé lè jó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ ní ilé dátà OVHcloud ní ìlú Strasbourg, ní orílẹ̀-èdè Faransé. Ó jó ilé tí wọ́n ń pè ní SBG2 run, ó sì ba apá kan ilé mìíràn jẹ́. Kò sí ẹni tó farapa, àmọ́ àwọn oníbàárà kan pàdánù dátà wọn pátápátá, torí pé wọn kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀dà tí àwọn mìíràn ní, ibi kan náà ló wà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwòrán wa wà nínú "cloud", ẹ jẹ́ ká rántí pé inú sáfà, nínú ilé kan tí èèyàn kọ́, ló wà. Àwòrán wòlímọ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéwú: ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sórí dísíkì tàbí fúláàṣì, kí ẹ gbé e sí ibòmíràn. Ẹ sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.